Orí Kẹfà: Ákítọ̀ Kì í Kú, Síbẹ̀ Àyà Ń Já

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìkòtún, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lókè ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí wọ́n ya oríṣiríṣi ìgẹrun sí. Eré ìjà ni wọ́n máa ń fi sí i láti àárọ̀ di alẹ́. Oníbàárà kan jókòó, wọ́n ń gẹ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́wọ́, idà sì ń bọ̀ lọ́rùn ákítọ̀, akọni inú eré, lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn lójijì. Onígbàjámọ̀ yára gbé ẹ̀rọ kúrò kó má baà kan án létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ o. Ákítọ̀ kì í kú." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fà sẹ́yìn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá já a láyà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi orí yìí dáhùn. Kì í ṣe àwọn eré ńlá tó ń gba ẹ̀bùn kiri ni mo ní lọ́kàn. Eré àtìgbàdégbà oníjà ni mò ń sọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní sísìn: tí ẹnì kan ṣoṣo ń lu ogún ènìyàn, tí ọ̀tá kú lónìí tó tún jí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó nǹkan, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì máa ń yínmú sí. Èmi fẹ́ràn wọn gidigidi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọpọlọ àti ara ẹni tó ń wò wọ́n ju bí a ṣe ń kà á sí lọ, àwọn onímọ̀ sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí ènìyàn ti ń wo eré wà lára ohun tó ń mú eré dùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tí Alimọ́ṣọ́ jẹ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń kànìyàn ní Nàìjíríà sọ pé 1,277,714 ni àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, ó ní wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí tó wù kí a mú nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jí ní kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Òṣòdì tàbí Erékùṣù Èkó, gó-síló á sì tún dá wọn dúró ní Ìyànà-Ìpájà tàbí lójú ọ̀nà Ìṣẹ́rì sí LASU nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Kí wọ́n tó délé, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó ti wà nínú dáńfó láti agogo márùn-ún kò wá eré tí yóò tún ni ọpọlọ rẹ̀ lára. Ó fẹ́ eré tó ya ẹni ire sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni ibi, tí ẹni ibi á sì jìyà lójú rẹ̀ kó tó sùn. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn rárá.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, Legend of the Seeker wà lára àwọn eré tó gba ìgboro Èkó kan. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, New Zealand ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, inú àwọn ìwé Terry Goodkind tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1994 ni wọ́n sì ti mú ìtàn rẹ̀. Ìpín 44 péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2010, wọ́n dá a dúró. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìgbà yẹn gan-an ni iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn. Dífídì rẹ̀ ń ti ọjà Alábà ní Ọjọ́ bọ̀, ó ń gba ojú ọ̀nà LASU wọ Ìgàndó, ó ń dé Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, ọ̀pọ̀ ìpín nínú awo kan ṣoṣo. Àwòrán rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí awo bá há, wọn á yọ ọ́, wọn á mí èémí sí i, wọn á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún yípo, wọn á sì dá a padà. Gbogbo ilé á wá dákẹ́, wọn á máa bẹ Ọlọ́run kó má fo ibi tí Richard, ákítọ̀ eré náà, ti fẹ́ fa idà yọ. Ayédèrú ló pọ̀ jù nínú àwọn awo yẹn, kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ eré náà. Kò dára, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Kí ló mú kí eré tí wọ́n dá dúró nílé rẹ̀ rí ilé sí ọ̀dọ̀ wa? Ẹ wo Kahlan, obìnrin aláṣọ funfun inú eré náà. Bí ó bá di ènìyàn mú lọ́rùn, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri, ẹni tó dì mú á sì di tirẹ̀ láti ìgbà náà lọ: á jẹ́wọ́ ohun gbogbo, á ṣe ohunkóhun tí ó bá ní kó ṣe. Àwọn tó ń wò ó ní ìlú mìíràn nílò àlàyé gígùn kí èyí tó yé wọn. Ní Ẹgbẹ́dá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ̀ pé afọ̀ṣẹ nìyẹn, ọwọ́ ló kàn ń gbà jáde dípò ẹnu. Zedd, àgbàlagbà onírun funfun tó ń fi iná jà, oníṣègùn ni. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn eré náà fún ẹni tí kò rí i, tí kò sí orúkọ òyìnbó kankan nínú ìròyìn náà yàtọ̀ sí Seeker, síbẹ̀ tí ìtàn náà pé pérépéré.

Onímọ̀ kan ti ṣe ìwádìí irú nǹkan báyìí. Ní 1932, F. C. Bartlett ti Yunifásítì Cambridge tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ó fún àwọn ará Bìrìtéènì ní ìtàn kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìtàn ogun àti iwin, ó sì ní kí wọ́n máa tún un sọ léraléra. Ìtàn náà ń yí padà lẹ́nu wọn. Ọkọ̀ onígi gbígbẹ́ di ọkọ̀ ojú omi bí èyí tí wọ́n ń rí nílé. Àwọn tó lọ dọdẹ ẹran inú òkun di ẹni tó lọ pẹja. Ohun tí kò bá sì ní ìbátan nínú ohun tí wọ́n ti mọ̀ á sọnù kúrò nínú rẹ̀. Bartlett wá rí i pé ohun tí ọpọlọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń gba ìtàn tuntun. Nítorí náà, nígbà tí Seeker dé, ó bá ọpọlọ tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ dè é.

Jimoh Aliu wà lára àwọn tó pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni, Àwòrò ni gbogbo ayé ń pè é, eré Àrélù tó ń lọ lórí NTA ní àwọn ọdún 1980 ló sì gbé orúkọ rẹ̀ ga jù. Nínú eré yẹn ni Òjó Arówóṣafẹ́ ti di Fádèyí Olóró, tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú sì di Òrìṣàbùnmi, títí tí orúkọ inú eré fi bo orúkọ àbísọ àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Owó kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pòórá, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré á kúrò, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìjà ibẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ á pe ọfọ̀, kámẹ́rà á dúró lójú rẹ̀. Ẹnì kejì á dákẹ́, á mi orí, á rẹ́rìn-ín, á wá pe tirẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó ń wò ó kò mọ èyí tí yóò mú nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fún àyà rẹ̀ mọ́ra sí i. Ìjà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu jà tán pátápátá ni. Mo kà á kún ìjà orí tẹlifíṣọ̀n tó dára jù tí mo mọ̀, ti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń pè é ní eré oògùn lásán. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni Jimoh Aliu jáde láyé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Terry Goodkind, tó kọ ìwé Seeker, kú ní Amẹ́ríkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara ọkùnrin tó fà sẹ́yìn lórí àga onígbàjámọ̀. Bí ojú bá ti rí ewu tó ń bọ̀, ara kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín á tú adirẹ́nálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, èémí á yára, àtẹ́lẹwọ́ á rin fún òógùn. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ yìí wúlò fún àwọn onímọ̀, nítorí iná mànàmáná tín-ín-rín máa ń gba ara tó rin kọjá ju ara gbígbẹ lọ, wọ́n sì lè fi wọn bí ìjayà ṣe pọ̀ tó. Ní àwọn ọdún 1960, Richard Lazarus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi fíìmù ìjàǹbá ibi iṣẹ́ káfíńtà han àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn àwọ̀ ara àti ọkàn wọn. Wọ́n sọ fún àwọn kan ṣáájú pé òṣèré ni gbogbo wọn, kò sí ẹni tó farapa. Ìjayà wọn dín kù. Kò tán.

Èyí tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni iṣẹ́ Richard Gerrig ní 1989. Kò sí ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ pé George Washington ni ààrẹ àkọ́kọ́ wọn. Gerrig kọ ìtàn kúkúrú kan tó mú kó dà bíi pé Washington kò ní gba ipò náà, ó sì wá bi àwọn tó kà á bóyá òótọ́ ni pé ó di ààrẹ. Wọ́n dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn pẹ́ ju ti àwọn tí kò ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀. Ìtàn ló dá ìmọ̀ náà dúró díẹ̀ kó tó dé ẹnu. Bákan náà lọ̀rọ̀ "ákítọ̀ kì í kú" rí. A mọ̀ ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a óò sì tún mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tó bá parí, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú tí idà wà lókè, eré tó bá dára kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ yẹn wúlò fún wa. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wo ìpín kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí àyà rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀mẹta.

Báwo wá ni ìjayà ṣe di ìgbádùn? Paul Rozin, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìdí tí ènìyàn fi ń jẹ ata, kọ ọ́ ní 2013 pé ọ̀kan náà ni ata àti eré tó ń bani lẹ́rù. Ata rodo ń sọ fún ahọ́n pé iná ń jó o, ojú ń ṣomi, imú ń dà, ọpọlọ sì mọ̀ dájú pé kò sí ohun tó jóná. Nínú àlàfo tó wà láàárín ara tó ń pariwo àti ọpọlọ tó fọkàn balẹ̀ ni adùn wà. Ẹni tó bá mọ bí ọbẹ̀ tí kò ta kì í ṣe é jẹ lẹ́nu Yorùbá ti lóye Rozin kó tó ka ìwé rẹ̀.

Dolf Zillmann fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó ní ìgbónára kì í lọ kíákíá: bí ewu bá ti kọjá, ọkàn á ṣì máa lù kíkan fún ìgbà díẹ̀, ooru tó ṣẹ́ kù yẹn á sì wọ inú ohun tó bá tẹ̀ lé e. Bí ìṣẹ́gun ló bá tẹ̀ lé e, ayọ̀ á di ìlọ́po. Ó tún ṣàlàyé pé àwa tí à ń wo eré ń ṣe ìdájọ́ lọ́kàn wa láti ìbẹ̀rẹ̀, pé a kì í gbádùn ìyà ẹnikẹ́ni àfi tí a bá ti dá a lẹ́bi. Abájọ tí àwọn eré wọ̀nyí kì í fi àkókò ṣòfò kí bọ́ọ̀sì, olórí àwọn ẹni ibi, tó fi ìwà ìkà rẹ̀ hàn. Kemi Adetiba yí èyí po nínú King of Boys alápá méje tó jáde lórí Netflix ní 2021: Ẹniọlá Sàlámì kì í ṣe ẹni ire, ṣùgbọ́n a fẹ́ kó borí, nítorí wọ́n ti rí i dájú pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ burú jù ú lọ.

Àwọn tó ń sọ pé eré ìjà kò nílò ọgbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Ní 2004, Uri Hasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì mú ènìyàn márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú fíìmù kábọ́ì The Good, the Bad and the Ugly hàn wọ́n. Ẹnì kan kò rí ẹnì kejì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi nínú ọpọlọ wọn ń ta jí, ó sì ń rọlẹ̀, ní àkókò kan náà. Ní 2008, Hasson àti àwọn mìíràn fi oríṣiríṣi àwòrán wéra. Nígbà tí wọ́n kàn gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní gbàgede kan ní New York láìgé àwòrán rárá, ibi tí ọpọlọ àwọn tó wò ó ti ṣọ̀kan kò tó ìdá 5 nínú 100 apá òde ọpọlọ. Eré apanilẹ́rìn-ín kan mú ìdá 18. Fíìmù kábọ́ì yẹn mú ìdá 45. Èyí tó borí gbogbo wọn kọjá ìdá 65, ìpín kan nínú eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n ni: "Bang! You're Dead", tí Alfred Hitchcock darí ní 1961.

Ìtàn rẹ̀ kò díjú. Ọmọkùnrin kékeré kan ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré. Ọkùnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ti ìrìn àjò Áfíríkà dé, ọmọ náà tú àpótí ọkùnrin náà wò, ó rí ìbọn gidi, ó rò pé ẹ̀bùn òun ni, ó ki ọta sí i, ó sì jáde. Ó ń na ìbọn sí ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó bá pàdé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè bá a ṣeré. Àwa tó ń wò ó nìkan la mọ̀. Hitchcock á fi ojú ọmọ náà hàn wá, á fi ìka rẹ̀ hàn wá, á wá fi ẹni tó ń rẹ́rìn-ín hàn wá, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ojú ẹnikẹ́ni láti wo ibòmíràn. Hasson kìlọ̀ pé ìṣọ̀kan ọpọlọ kì í ṣe òdiwọ̀n bí eré ṣe dára tó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wọn ni agbára tí olùdarí eré ní lórí ẹni tó ń wò ó. Kò sí ẹni tó lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láìmọṣẹ́.

Ẹ wá rò ó wò nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ kan ní Ìgàndó. Yàrá kan ló ní tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ènìyàn mẹ́jọ jókòó sílẹ̀, ọmọdé mẹ́rin dúró níta, wọ́n ń yọjú láti àárín lúfà fèrèsé, ìyá kan ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yà síbẹ̀. NẸ́PÀ mú iná lọ, gbogbo wọn ké. Iná dé, gbogbo wọn ké "Ọ́ọ́pù NẸ́PÀ!" Àwọn tó ti ń bá ara wọn jà lórí owó omi láàárọ̀ wá ń dì mọ́ra wọn nítorí pé ákítọ̀ jáde kúrò nínú ilé tó ń jó. Oògùn ìdánìkanwà tó rọrùn tó báyìí kò pọ̀.

Ewu tirẹ̀ náà wà. Ọmọdé ń fara wé ohun tó bá rí: Albert Bandura fi hàn ní 1963 pé àwọn ọmọ tó wo fíìmù tí àgbàlagbà ti ń lu bèbí ńlá kan lọ ń lu bèbí náà bó ṣe lù ú gẹ́lẹ́. Kí àgbàlagbà jókòó ti ọmọ, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń wò.

Ewu jẹnẹrétọ̀ tí à ń tàn kí a lè wo eré nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ burú ju ìyẹn lọ. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide nínú, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń fi ohun tó ju ìlọ́po igba lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn tí à ń mí sínú lọ. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń wo eré á sì rò pé ó rẹ òun ni. Wọ́n ti bá odindi ẹbí nílẹ̀ láàárọ̀ báyìí. Ẹ má gbé e sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé, kódà bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè. Ó kéré tán, kí ó jìnnà sí ilé ní mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta.

Ìyókù jẹ́ ti oorun. Ní 2017, Liese Exelmans àti Jan Van den Bulck tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ọ̀dọ́ 423 ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn tó ń wo ìpín púpọ̀ léra wọn ni oorun wọn kò dára tó, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ tí kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ènìyàn dùbúlẹ̀ ló fà á. Ẹni tí yóò jí ní agogo mẹ́rin kó lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ kúrò ní Ìkòtún kò lè máa fi oorun ṣeré. Ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó ṣe eré ń dẹ okùn sí, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹ wo òmíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa tẹlifíṣọ̀n níbi tí ìpín bá parí sí. Ẹ jẹ́ kí ìpín tó kàn bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ákítọ̀ á fi bọ́ nínú ewu àná, kí ọkàn yín rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa á, kí ẹ sì lọ sùn.